Ìyá Mojí àti Ọ̀rọ̀ Olójú Mẹ́fà

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú pé màmá wa, ìyá tó bí ìyá mi, kò lọ sílé ìwé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ ọ́, wọn ò sì bi mí. Mo ka ìlà yẹn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kù díẹ̀ kí n dìde kí n sọ fún pásítọ̀ pé kó dúró ná. Ìyá tí pósí rẹ̀ wà níwájú yẹn lọ sílé ìwé. Ó jókòó ní kíláàsì kìíní ilé ìwé girama ní Òrè, lórí àpótí tó gbé láti ilé, láàárín àwọn ọmọ tí òun lè bí ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo ló torí ẹ̀ lọ. Mo mọ̀, nítorí pé tìtorí mi ló ṣe kọ́ ọ. Mo pa ẹnu mi mọ́ lọ́jọ́ náà, torí kì í ṣe ìdí pósí ni èèyàn ti ń jà, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní to ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo máa kọ ọ́, bí ẹni tó ń tòògbé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mojí ni orúkọ ìyá mi, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí màmá bí, ìdí nìyẹn tí gbogbo Odígbó fi ń pè é ní Ìyá Mojí. Èmi ń pè é ní Ìyé, bí àwọn Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, ó sì máa ń rìn bí ẹni pé wọ́n ń dúró dè é níbì kan. Ó ní oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ lọ́nà Aráròmí-Obù, kò sì sí ohun tó wà nínú oko náà tí kì í bá sọ̀rọ̀. Á kí igi kòkó tó bá kọ́kọ́ kàn láàárọ̀. Á bá òjò tó kọ̀ tí kò dá wí. Nígbà tí ẹnì kan bi í léèrè ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, "Igi tí mi ò kí láàárọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ so fún mi?"

Abidjan ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi bá àwọn oníṣòwò lọ síbẹ̀, ó fẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, Faransé ni wọ́n sì ń sọ nínú ilé wa láàárọ̀ àti lálẹ́. Solange ni wọ́n sọ mí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí àìsàn mú ìyá mi lọ. Bàbá mi kò lè máa gbé ọmọ kiri nínú ọkọ̀, ló bá gbé mi wá bá Ìyé. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílùú ni. Títì ńlá tó gba Òrè kọjá ṣì tuntun, ọkọ̀ ń sáré lórí ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀ lọ sí Èkó, rédíò tuntun sì ń ké nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Bàbá mi wá kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ kan tó gbọ́ Faransé ní gáréèjì Òrè, ó fi í ṣe ògbifọ̀, ó sunkún díẹ̀, ó sì lọ.

Bí èmi àti Ìyé ṣe ku àwa méjì nìyẹn. Ó sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Mo sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Nígbà tó yá, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Ó ń pè mí ní Ṣọlá torí pé Solange kò rọ̀ ọ́ lẹ́nu, mi ò sì dá a lóhùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni "Ghá", bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe "wá". Á ní ghá, á sì gbé pupuru síwájú mi, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ tí wọ́n sì yan lórí iná, tó ń rùn bí èéfín. Ẹ̀gẹ́ náà là ń jẹ ní Abidjan, ṣùgbọ́n tiwa kì í rùn bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ tì í. Kò bínú rí. Á jẹ ẹ́ lójú mi, á máa wò mí, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára mi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé, "Ojú Mojí ni mò ń wò lójú rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá ṣẹ́jú, wọ́n á tún gbé e lọ."

Ẹ̀rù náà nídìí. Mi ò tíì lo oṣù méjì nígbà tí lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ bàbá mi. Olùkọ́ Faransé kan ní Òrè, ọ̀gbẹ́ni tó wá láti Lomé tí àwọn ọmọ ń pè ní Mìsíọ̀, ló bá Ìyé kà á. Bàbá mi ní àbúrò òun obìnrin kò bímọ, ó sì fẹ́ gbà mí tọ́. Ó ní tí iṣẹ́ kòkó bá parí, ọ̀rẹ́ òun tó ń wa tírélà máa gba Òrè kọjá. Kí wọ́n bi èmi fúnra mi. Tí mo bá fẹ́ lọ, kí ọ̀rẹ́ náà gbé mi. Tí mo bá fẹ́ dúró, kí n dúró, òun kò ní bínú.

Bàbá Ṣégun, ẹ̀gbọ́n Ìyé, ni olórí ẹbí. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí wọ́n kọ̀wé padà pé ọmọ ní òun ń dúró. Ta ló máa mọ̀? Ìyé ní wọ́n ní kí àwọn bi í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pe kọ̀ǹdọ́ ọjọ́sí wá láti gáréèjì, kó wá bi í. Gbogbo ilé rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìyé wí, "ọmọ Mojí kì í ṣe ẹrù tí a ó máa bá kọ̀ǹdọ́ dúnàá-dúrà lé lórí. Ẹnu ara mi ni mo máa fi bi í."

Bó ṣe dé ilé ìwé nìyẹn. Ọ̀gá ilé ìwé rò pé ó wá forúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, nígbà tó gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyé dúró kó rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí wọn ò tíì dá lóhùn. Wọ́n gbà fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Á wọ ọkọ̀ láti Odígbó, á gbé àpótí rẹ̀ sórí itan, á jókòó sẹ́yìn kíláàsì nítòsí fèrèsé. Kò mọ̀wé kà, kò sì ní kí wọ́n kọ́ òun ní ìwé kíkà. Etí ló fi ń gba gbogbo ẹ̀. Mìsíọ̀ bi í pé ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́. Ó ní òun fẹ́ "lọ", torí ọ̀rọ̀ náà lòun máa fi bi ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ tó yàn yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́ gan-an ń sá fún un. Lédè tiwa, lọ ni lọ. Mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ. Ẹni tó bá wù kó lọ, ọ̀rọ̀ náà kì í yíjú padà. Mìsíọ̀ kọ ti Faransé sójú pátákó, ó sì kà á sókè: je vais, tu vas, il va, nous allons, vous allez, ils vont. Ìyé ní kó dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lòun béèrè, kí ló dé tó ń kó mẹ́fà fún òun. Mìsíọ̀ ṣàlàyé pé ọ̀kan náà ni, pé bí ẹni tó ń lọ bá ti yí padà ni ọ̀rọ̀ náà á ti yíjú. Ìyé wo pátákó tí kò lè kà, ó mi orí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ kan náà kọ́ ni gbogbo wọn fi ń lọ ni?"

Ẹnu rẹ̀ kò gbé ohùn tó bẹ̀rẹ̀ "vais". "Fẹ̀" ló ń pè é títí ó fi kú. Àwọn ọmọ kíláàsì máa ń rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun ni Mìsíọ̀ ń ní kó dìde kà á fún wọn. Ó fẹ́ràn bí àwa àti ẹ̀yin ṣe jọra lẹ́nu Faransé, allons àti allez, ó ní ẹbí ni wọ́n. Ó wá béèrè ìdí tí àwọn ẹnìkẹta kò fi sí nínú ẹbí náà, tí tiwọn fi jẹ́ vont. Mìsíọ̀ ní òun ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe bá a. Ìyé ronú sí i títí agogo fi dún, tí àwọn ọmọ fi jáde, tó ku òun àti Mìsíọ̀.

"Àwọn tó ti jìnnà ni, Mìsíọ̀," ló sọ. "Wọn kì í jọ wá mọ́."

Mìsíọ̀ ló sọ èyí fún mi nígbà tí mo dàgbà. Ó ní òun kò lè lọ sílé lójú ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyé náà ní ìjà tirẹ̀ o. Kò sí ẹni tó ń kọ̀wé ìrántí tó máa sọ fún mi pé ìyá àgbà òun kì í jà, kí n gbà á gbọ́. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí ọ̀dà Agbábù, irú èyí tí wọ́n ń dà sí títì. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ń sọ kiri pé ọ̀dà tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ máa sọ gbogbo agbègbè wa di Èkó kejì. Bàbá Ṣégun gbà á gbọ́ débi pé ó jẹ́ kí igbó bo kòkó rẹ̀, ó ń jókòó síta láàárọ̀, ó ń wo ọ̀nà bóyá ọkọ̀ àwọn òyìnbó ti ń bọ̀. Ìyé kọjá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó wá sọ fún un pé àwọn òyìnbó tó ń dúró dè, ils vont. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé kí nìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní, "Ẹ wá jókòó ní kíláàsì, ẹ̀gbọ́n mi, àyè ṣì wà lẹ́yìn."

Ó bá Mìsíọ̀ náà jà. Nígbà tó kọ́ pé Faransé ní "o" àti "ẹ" bíi tiwa, inú rẹ̀ dùn, ó ní ọmọlúàbí èèyàn ni wọ́n nígbà náà. Ó wá gbọ́ tí mo sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé, tu vas où, níbo lò ń lọ? Ó gbọ́ tu yẹn kedere. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń pe ìyá ìyá rẹ̀ ní ìwọ! Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fẹ̀sùn kan Mìsíọ̀ bí ẹni pé òun ló kọ́ mi. Mìsíọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe ń pe ìyá wọn lọ́hùn-ún, pé ìfẹ́ ló ń mú un wá. Ìyé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, ó sùn lé e lórí. Láàárọ̀ ó fi ọwọ́ gbá mi lórí fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sọ ìdájọ́ rẹ̀ fún mi lédè tí mi ò tíì gbọ́ dáadáa: "Tó bá jẹ́ ìfẹ́ ni, máa pè mí bẹ́ẹ̀. Níwájú àlejò, ẹ̀yin ni mo jẹ́."

Ẹ ó ti rí i pé mo ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà. Kòkó ló la ẹnu mi. Tí wọ́n bá fọ́ kòkó tán, wọ́n á da èso tútù náà jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Èyí tí kò bá pé ọjọ́ á korò, kò ní níyì. Òkúta ni Ìyé máa ń fi ka ọjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yẹn, ó da òkúta nù, ó ní òun ti ní ohun mẹ́fà lẹ́nu. Lọ́jọ́ kìíní á dúró ti òkìtì náà, á ní je vais. Lọ́jọ́ kejì, je vais, tu vas. Mo máa ń tẹ̀ lé e láti òkèèrè. Òórùn òkìtì yẹn dùn, ó sì kan díẹ̀, ó máa ń mú mi lójú bí oorun. Ọyẹ́ ti bo igi, gbogbo nǹkan funfun, ohùn obìnrin kan sì ń sọ èdè ìyá mi sí kòkó nínú ìrì. Nígbà míì mi ò mọ̀ bóyá mo ti jí.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dúró, ó kà á: je vais, tu vas, il va, vous allez, ils vont. Ó ti fo àwa láti àárọ̀ àná, kò mọ̀. Ó rò pé ọjọ́ ti pé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ń ṣí ewé.

"Nous allons," ni mo wí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ewé. Kò wẹ̀yìn. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé ẹ̀rù ba òun pé tí òun bá wò mí, màá tún dákẹ́. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi nous allons sáàyè rẹ̀, ó fi ìka ṣírò, ó sì bo kòkó náà padà díẹ̀díẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ sí òkìtì náà bí ẹni pé òkìtì ló rán an létí: "O ṣeun, tíṣà."

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ń rí jù tí mo bá di ojú mi. A sá kòkó sórí ẹní, a ń fi ẹsẹ̀ rò ó, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, à ń ka àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ, à ń kà wọ́n bọ̀. Ó ń fún mi ní Yorùbá, mò ń fún un ní Faransé. Mo ti ń jẹ pupuru. Mo fẹ́ràn Ìyé gan-an, mi ò sì mọ̀ pé èèyàn máa ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde.

Ọjọ́ náà wá dé. Mìsíọ̀ ti lọ sí Lomé fún ọlidé. Awakọ̀ tírélà ránṣẹ́ láti Òrè pé ọ̀sán lòun ń gbéra. Bàbá Ṣégun dé, àwọn ìyá méjì nínú ẹbí dé, wọ́n jókòó sí pálọ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo ti ń gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà Bàbá Ṣégun sọ ọ́ lójú mi. Ó ní kí Ìyé bi mí bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí mo bá wí, kó sọ fún wọn pé mo ní mò ń dúró. Ó ní kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ èdè náà níbí. Ó ní ọmọ kan ti lọ, kò padà, ta ló tún ń fi èkejì ránṣẹ́? Àwọn ìyá méjèèjì ní òótọ́ ni. Ìyé ti wẹ ẹsẹ̀, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé àpótí rẹ̀ wá síwájú mi, ó jókòó, eékún rẹ̀ kan tèmi.

"Solange," ló pè mí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Tu vas?"

Ọmọdé ni mí. Àárò bàbá mi ń sọ mí, àárò àgbàlá wa ní Abidjan àti àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń fo okùn níbẹ̀ ń sọ mí. Mi ò ro ti ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Mo ní, "Je vais."

Gbogbo wọn ń wo ẹnu Ìyé, torí òun nìkan ló mọ ohun tí mo wí. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà wò láìsí ohùn. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó ní òun ń lọ."

Bàbá Ṣégun kò fẹ́ gbà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í, bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un, pé ṣé ó dá a lójú pé ohun tí ọmọ wí nìyẹn. Faransé le, ó lè ṣì í gbọ́.

"Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ́ ọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù mi. Òun ló mú mi dé Òrè, tó gbé mi sókè sínú tírélà, tó fi vous, ẹ̀yin ti Faransé, kí awakọ̀ náà, tó sì dúró lẹ́bàá títì nínú èéfín ọkọ̀ láìsunkún. Mo juwọ́ sí i. Mo ń rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo ń rẹ́rìn-ín.

Àǹtí mi ní Abidjan kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó bọ́ mi, ó wọ̀ mí láṣọ, ó sì máa ń dáhùn fún mi. Tí àlejò bá bi mí pé ṣé ilé ìwé dùn, àǹtí á ní ó dùn mọ́ mi. Tí bàbá mi bá bi mí pé ṣé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, àǹtí á ní mo fẹ́ ẹ gan-an. Ìfẹ́ ló ń ṣe é tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu, pálọ̀ Odígbó ló ń wá sí mi lọ́kàn, àti obìnrin tó ń làágùn lórí ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sọ fún bàbá mi pé ọ̀dọ̀ Ìyé ni mò ń lọ. Àǹtí ti fẹ́ dáhùn. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi.

Ó tó ọdún kan tí mo ti padà sí Odígbó kí n tó lè béèrè. A ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, èmi àti òun. Mo ní, "Ìyé, kí ló dé tẹ́ ò purọ́ lọ́jọ́ yẹn? Gbogbo wọn ló fẹ́ kí ẹ purọ́."

Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó jù ú sínú omi.

"Ǹ bá rí ọ mú sílẹ̀ lóòótọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bá ọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn?"

A sì sọ̀rọ̀, lójoojúmọ́, títí di àárọ̀ ọjọ́ tó kú.